Ọdún Kejì Kábéèjì Pupa

Kábéèjì pupa kì í fún ẹnikẹ́ni ní irúgbìn lọ́dún tí wọ́n gbìn ín. Lọ́dún àkọ́kọ́, yóò ká ewé rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tí ebi ń pa lè gé e nígbà náà kó sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá irúgbìn gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀, kí òtútù kọjá lórí rẹ̀, kí ọdún yípo, kí orí náà là, kí igi òdòdó sì yọ láti àárín rẹ̀. Nítorí náà, ìyá tó bá sọ fún ọmọge pé, "Mú irúgbìn kábéèjì pupa wá kí n tó fún ọ lọ́mọ mi," kì í ṣe irúgbìn ló ń béèrè. Ọdún méjì nínú ayé ọmọ ọlọ́mọ ló ń béèrè, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lanu. Ó yẹ kí èyí ti yé gbogbo wa kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé àìmọ̀kan ló fà á.

Aṣọ ni ọmọge tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń fọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n orúnkún bàbá ti kọ iṣẹ́. Àpótí kan lẹ́bàá fèrèsé ló ń jókòó sí, tó ń rán bọ́tìnì tó já padà sára ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà. Ọmọ Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni alágbàfọ̀ báyìí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti hunjọ nínú omi ọṣẹ kó tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin gíga kan gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọlé lórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, bí ẹni gbé aláìsàn.

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí ṣì lè yè?"

Ọmọ Alágbàfọ̀ tú ṣẹ́ẹ̀tì náà wò. Àbàwọ́n pupa kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú wà láyà rẹ̀.

"Kí ló ta sí i? Wáìnì ni?"

"Kábéèjì ni."

"Kábéèjì tí mo mọ̀ kì í ta sára èèyàn."

"Pupa lèyí. Inú ọgbà Màámi ló ti wá. Mo ń jẹun, mo sì ń kàwé lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ẹnu kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ wá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ méjì."

"Ojú ni mo fi ń kàwé o."

"Ojú náà kò sì rí àyà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ó mú ọṣẹ, ó fi pa àbàwọ́n náà bó ṣe máa ń pa gbogbo àbàwọ́n. Lójú àwọn méjèèjì, pupa náà yí padà, ó di aró. Ọwọ́ Ọmọ Alágbàfọ̀ dúró gbagidi. Láti ọjọ́ tó ti ń fọṣọ, kò rí ìdọ̀tí tó pa àwọ̀ dà nítorí ọṣẹ. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti tábìlì.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí láti orí àpótí, "wọ́n ní kó o fọ̀ ọ́, wọn ò ní kó o pa á láró."

"Fínígà, omi kíkan yẹn, ló ń fẹ́," ni ọkùnrin náà sọ. "Ọṣẹ máa ń bà á lẹ́rù, fínígà ló ń dá a padà sí pupa. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi tútù á gbà á. Màámi ló kọ́ mi."

Nígbà tó padà wá gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó funfun bí ẹni pé ẹni tó ni ín kò jẹun rí. Kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwòrán ilé ló ń yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é. Ṣẹ́ẹ̀tì tí kò dọ̀tí ló ń kó wá, ọ̀kan láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́.

"Ṣé kànga ni ọkùnrin yìí ń gbẹ́ ni?" ni bàbá béèrè.

"Ilé ló ń yà, Bàbá. Lórí ìwé."

"Ìwé ọ̀hún á kún fún òógùn o."

Ọmọ Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ara rẹ̀ hàn. Kò sí ohun tó ń tú àṣírí obìnrin bí kó máa fọ aṣọ tó mọ́.

Ẹni tó jẹ́ alárinà wọn ni àbúrò bàbá Ayàwòrán, ìyẹn Àǹtí Oníbọ́tìnì, tí ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnì rẹ̀ dojú kọ tiwọn ní òdìkejì òpópónà. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ pé: "Alárinà kì í tú ẹrù wò. Ibi tí wọ́n bá ní kí n gbé e dé ni mo ń gbé e dé. Bó bá jẹ́ oyin ló wà nínú rẹ̀, bó bá jẹ́ ata, ẹ má bi mí." Ó gbé ẹrù ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé èsì dé.

"Ìyàwó mi, wọ́n ní kó o wá jẹun ọ̀sán."

"Báwo lojú wọn ṣe rí, Àǹtí?"

"Bí ojú ẹni tó fẹ́ máàkì ìwé."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá Àgbà sì ni tọmọdé tàgbà ṣì ń pè é. Yàrá ìgbàlejò rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò ní kí àlejò jókòó. Ó ní kó yí ẹ̀yìn padà.

"Aṣọ rẹ rún lẹ́yìn."

"Ẹ má bínú, mà. Ìjókòó inú ọkọ̀ ló rún un."

"Alágbàfọ̀ tí aṣọ rẹ̀ rún dà bí olùkọ́ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. N kì í fẹ́ ohun tó rún. Jókòó."

Wọ́n jẹun. Kábéèjì pupa tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú fínígà wà láàárín tábìlì, ó ń dán bí ohun ọ̀ṣọ́.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣaláìsí, mà."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe?"

"Aṣọ ni wọ́n ń fọ̀, mà."

"Ìyá tó bí wọn ńkọ́?"

"Aṣọ náà ni, mà."

"Ìdọ̀tí àwọn ẹlòmíràn ló ń bọ́ yín láti ìrandíran nìyẹn."

"Ìdọ̀tí kò bọ́ wa rí, mà. Fífọ̀ tí a ń fọ̀ ọ́ ló ń bọ́ wa."

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú àwo rẹ̀. Ọmọ Alágbàfọ̀ rí ẹ̀rín náà, inú rẹ̀ sì dùn. Kò ṣàkíyèsí pé inú àwo ni ẹ̀rín náà wà, pé kò gòkè dé ojú ìyá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Ọ̀gá Àgbà mú wọn jáde sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Kábéèjì náà tò ní ẹsẹẹsẹ, orí kọ̀ọ̀kan ṣe ṣóńṣó bí ẹ̀kán omi tó fẹ́ já, ewé ìta rẹ̀ ní ẹfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn lè fìka kọ orúkọ sí. Ìyá bàbá ọkọ rẹ̀ ló mú irúgbìn rẹ̀ wọ ìdílé. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á. Kì í tóbi, ṣùgbọ́n kì í rà, kì í sì í korò.

"Ìyá ọkọ mi kò pè mí ní ìyàwó títí mo fi mú irúgbìn yìí dé òdòdó, tí mo sì dá a padà sí i lọ́wọ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún òun náà. N ó fún ọ. Gbìn ín sílé rẹ. Ọdún àkọ́kọ́, orí. Ọdún kejì, irúgbìn. Ohun tó o bá mú wá, n ó gbìn ín lójú gbogbo yín. Bó bá hù ní pupa, o ti di ìyàwó ilé yìí. Bí àwọ̀ mìíràn bá wọ̀ ọ́, kí olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ, ìjà kò sí níbẹ̀."

Ó fi ṣíbí kékeré bu irúgbìn sínú aṣọ funfun kan, ó dì í, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ìta, Ọmọ Alágbàfọ̀ yíjú sí ọkùnrin rẹ̀. "O ò sọ fún mi pé ìdánwò wà nínú oúnjẹ yẹn."

"Bí mo bá sọ, ṣé wàá wá?"

Ọmọ Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì di apá rẹ̀ mú. Ó kà á sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bí wọ́n bá tún un sọ lóhùn mìíràn, ohun tí ọkùnrin náà sọ ni pé òun mọ̀, òun sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n etí tó ń fẹ́ gbọ́ orin kì í gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju ibi tí wọ́n ń sáṣọ sí lọ, ògiri kan sì ló pààlà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ òfìfo kan. Ọmọ Alágbàfọ̀ ká okùn aṣọ kúrò ní apá kan, ó tú ilẹ̀, ó kó ewé jíjẹrà sí i. Kì í ṣe gbogbo irúgbìn náà ló gbìn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé a kì í da gbogbo ọṣẹ sínú omi kan. Díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú aṣọ funfun náà, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì ìlọṣọ.

Ọdún náà rí bí ọdún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Kó tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò ti yí ewé kọ̀ọ̀kan wò, yóò sì ti fọwọ́ ṣa kòkòrò tí labalábá funfun yé sí i. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú mìíràn ránṣẹ́ pé kó wá ṣe ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń fọṣọ fún àwọn, pé àwọn á fún un ní yàrá tirẹ̀. Ó ní rárá. Kábéèjì tó ti fìdí múlẹ̀ kò ṣeé hú.

"Ọkọ lò ń dúró dè ni," ni bàbá béèrè, "àbí ewébẹ̀?"

"Àwọn méjèèjì ni, Bàbá."

"Èyí tó bá kọ́kọ́ pọ́n, jẹ ẹ́."

Ní àkókò yẹn ni ẹnìkan ra ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ògiri, Ayàwòrán sì ni wọ́n ní kó ya ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ géètì han Ọmọ Alágbàfọ̀ bí ẹni fi òrùka hàn. "Mo lè fún ẹlòmíràn níṣẹ́ yìí," ló wí, "ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa gbóhùn rẹ nígbà tí mo bá ń wọn ilẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà gbé e ró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí òtútù dé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dín kù. Nígbà mìíràn, àǹtí ló máa ń bá a kó o wá. Ọmọ Alágbàfọ̀ á bi ara rẹ̀ pé, ṣé mo ti sú u ni? Yóò sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ọkàn tó ń fẹ́ni mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹjọ́rò ju lọ́yà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan, afẹ́fẹ́ rọ̀, ojú sánmà mọ́ kedere. Gbogbo ẹni tó ń sáṣọ síta mọ̀ pé ìrì dídì ń bọ̀. Ọmọ Alágbàfọ̀ fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, tí àwọn oníbàárà ti fi sílẹ̀ láìgbà, bo kábéèjì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ọgbà kejì. Ó fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mìíràn, ó lọ̀ ọ́, ó wọ ọkọ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gá Àgbà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

"Kí ni yẹn?"

"Aṣọ ni, mà. Ẹ fi bo kábéèjì yín, òtútù náà á le."

"Ta ló ti sùn lé e?"

"Mo ti fọ̀ ọ́, mà."

"Ta ló ti sùn lé e ni mo bi ọ́."

"Àwọn oníbàárà ni, mà."

"Kí n wá mú aṣọ tí àwọn tí n kò mọ̀ ti làágùn sí, kí n fi bo kábéèjì ilé ọkọ mi. Máa gbé e lọ. Òtútù ti mọ ọgbà yìí kí ìyá rẹ tó bí ọ."

Òtútù náà mọ ọgbà náà lóòótọ́. Gbogbo orí kábéèjì tí Ọ̀gá Àgbà ní ló jẹrà láti inú wá. Àǹtí Oníbọ́tìnì ló sọ ọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín. "Mo ní, 'Ẹ̀yin lẹ kọ aṣọ,' wọ́n ní àwọn ṣì ní irúgbìn nínú ìgò." Ti Ọmọ Alágbàfọ̀ yè lábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó yan àwọn tó dára jù, ó gé orí wọn ní àgbélébùú kí igi òdòdó lè rọ́nà yọ.

Kó tó yọ ni Ayàwòrán fúnra rẹ̀ kó ṣòkòtò kan wá. Amọ̀ wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì, amọ̀ gidi, irú èyí tó ń wọ inú òwú aṣọ. Nígbà tí Ọmọ Alágbàfọ̀ tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà tó ṣẹ́ po, ègé ewé kan jábọ́: ewé kábéèjì funfun, tó nípọn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti rọ. Ó gbé e dání, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Bàbá, ẹ wo orúnkún ṣòkòtò yìí. Ó ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣọgbà. Ẹni tí kì í fọwọ́ kan ilẹ̀."

"Ó sì lè jẹ́ àdúrà ló ń gbà."

"Bàbá, ẹ ò gba tiẹ̀ rí."

"Èmi kọ́ ló yẹ kó gba tèmi, ọmọ mi. Ìwọ ni."

Ó sọ ewé náà nù. Ó fọ ṣòkòtò náà lọ́tọ̀, ó sì lọ̀ ọ́ títí ìlà rẹ̀ fi lè gé búrẹ́dì.

Òdòdó yọ, ó yọ ní yẹ́lò, ó ga ju ògiri lọ, oyin sì bò ó láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́. Ọmọ Alágbàfọ̀ rí i pé yẹ́lò kan ń yọrí láti òdìkejì ògiri pẹ̀lú. Ó bi ọkùnrin rẹ̀.

"Kí ló yọ òdòdó níbẹ̀ yẹn?"

"Èpò ni," ni Ayàwòrán dáhùn. "Wọn ò tíì ro ilẹ̀ náà."

"Ó jọ tèmi."

"Gbogbo òdòdó yẹ́lò ló jọra."

Oyin ń fò láti ìhín lọ sí ọ̀hún, ó ń ru ìyẹ̀fun òdòdó lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lòun ń pa dà. Nígbà tí èso gbẹ tán, Ọmọ Alágbàfọ̀ kó o sínú àpò ìrọ̀rí, ó pa á, ó fẹ́ ẹ, ó sì gbé irúgbìn dúdú roboto náà fún àǹtí. Àǹtí gbé e dé.

Ọ̀gá Àgbà gbìn ín sínú agbada pẹrẹsẹ kan lórí fàráńdà. Nígbà tó hù, tí ewé rẹ̀ ṣeé dá mọ̀, ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Bàbá wọ kóòtù tó fi sin ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Àǹtí Oníbọ́tìnì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ayàwòrán dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Bàbá, ojú yín ṣì ń ríran?" ni Ọ̀gá Àgbà béèrè.

"Mo ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mà."

"Àwọ̀ wo lẹ rí?"

Bàbá tẹ̀ ba lé agbada náà. Àwọn kan pọ́n láti ìdí dé ewé. Àwọ̀ àwọn tó pọ̀ jù ti dà rú, ewé wọn dà bíi ti kábéèjì ọjà, iṣan pupa tín-ín-rín nìkan ló kù lára wọn. Bàbá wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnì tó jábọ́ sábẹ́ àga.

"Mo rí pupa," ló wí níkẹyìn. "Mo sì rí èyí tí kì í ṣe pupa."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ olóòótọ́. Kábéèjì funfun kò wọ ọgbà yìí rí láti ìgbà ìyá ọkọ mi. N kì í jẹ́ kó wọ ilé ìdáná mi pàápàá. Ibi tí ọmọ yín ti kó ti rẹ̀, òun ló mọ̀. Irúgbìn tó gba ọwọ́ obìnrin mẹ́ta kọjá láìlábàwọ́n, ọwọ́ tirẹ̀ ló ti bàjẹ́."

Omijé ti ń lé ròrò lójú Ọmọ Alágbàfọ̀ nígbà tí gbólóhùn kan dá a dúró. Kábéèjì funfun kò wọ ọgbà yìí rí. Kò wọ ilé ìdáná. Ó tún rí orúnkún méjì tí amọ̀ wà. Ó rí ewé tó nípọn náà lórí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì rí ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó yíjú sí Ayàwòrán. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ṣòkòtò tó o gbé wá kí òdòdó tó yọ. Ewé kábéèjì funfun wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbo lo ti kúnlẹ̀?"

Ayàwòrán wo bàtà rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ géètì náà wà. Ìwọ lo sọ fún mi pé èpò ni."

"Màámi ló ní kí n gbin kábéèjì funfun síbẹ̀," ló wí. "Èyí tó ti fẹ́ tanná ni wọ́n rà. Mi ò lè sọ fún Màámi pé rárá."

"Èmi ńkọ́? Ṣé o lè sọ fún mi?"

"Mi ò lè sọ fún ìwọ náà pé rárá."

"O wá rán oyin kó po funfun mọ́ pupa mi."

"Mo rò pé á yé ẹ."

Àǹtí Oníbọ́tìnì kọjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ rán an?"

"Èmi ni," ni Ọ̀gá Àgbà dáhùn, ojú kò sì tì í. "Ìdánwò náà gan-an nìyẹn. Ta ni kò lè gbin kábéèjì? Ìyá ọkọ mi gbin funfun sí ẹ̀yìn ọgbà tèmi náà. Mo lọ síbẹ̀, mo hú u dànù, mo dá irúgbìn mi padà ní pupa, n kò sì sọ nǹkan kan. Obìnrin tó máa ṣọ́ ilé yìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mà?" ni Ọmọ Alágbàfọ̀ béèrè.

"Ọkọ mi ló sọ fún mi."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà padà kàn án. Ó yí orí díẹ̀, kì í ṣe sí ọmọge náà, bí kò ṣe sí ọmọ tirẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì wà lórí bàtà.

"Á jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ mi lẹ dán wò, mà," ni Ọmọ Alágbàfọ̀ wí.

Ọ̀gá Àgbà tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. Ó ti rí òótọ́ náà, ó sì ti pinnu pé ẹlòmíràn ni yóò san án. "Pupa ni mo ní kó hù," ló wí. "Kò hù ní pupa."

Bàbá fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ ró. "Ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ. Aṣọ wà nínú omi."

Ìgbà òtútù tó tẹ̀lé e ni bàbá kú. Òtẹ́ẹ̀lì náà ti rí ẹlòmíràn. Ayàwòrán fẹ́ dókítà eyín kan tí ìyá rẹ̀ rí fún un, wọn kò sì fún ìyẹn ní irúgbìn kankan, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Àgbà ti sọ, èèyàn tó níṣẹ́ gidi kò ráyè ọgbà. Ó yẹ kí ẹni tó bá ka èyí tún un kà. Òfin tó lágbára tó láti gba ọdún méjì lọ́wọ́ ọmọ alágbàfọ̀ kò lágbára tó láti gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́lá.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Ọmọ Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ nígbà tí Àǹtí Oníbọ́tìnì ré òpópónà kọjá, tó sì jókòó sórí àpótí bàbá láìdúró kí wọ́n ní kó jókòó.

"Ìyàwó mi."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, Àǹtí."

"Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára." Ó wo ilẹ̀. "Ara ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò yá. Wọ́n gbin irúgbìn inú ìgò, kò hù. Ó ti gbó jù. Òtútù ọjọ́sí ló pa ìyókù, wọ́n sì ti da èyí tó o mú wá nù. Kò sí kábéèjì pupa nínú ọgbà náà mọ́. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí fàráńdà, tí wọ́n á máa wo ilẹ̀ lásán. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún ọ, tí kò gbó tó tinú ìgò."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ bẹ̀ mí ni?"

"Wọ́n ní kí n béèrè."

Ọmọ Alágbàfọ̀ fa dúrọ́ọ̀ jáde. Aṣọ funfun náà wà níbẹ̀, ó ti rún, ìdì rẹ̀ kò tíì tú láti ọjọ́ tó ti dì í. Ó tú u. Irúgbìn inú rẹ̀ ṣì ń dán, dúdú roboto, ohun tó kù láyé nínú iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin mẹ́ta. Àǹtí rí i, ó mí kanlẹ̀.

"Ó ṣẹ́ kù," ló wí. "Á hù?"

"Ó ṣì dáa, mà."

Ọmọ Alágbàfọ̀ tẹ́ irúgbìn náà pẹrẹsẹ sáàárín aṣọ, ó ṣẹ́ aṣọ bò ó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe dọ́gba. Ó wọ́n omi díẹ̀ sí i. Ó yí áyọ́ọ̀nù sí ibi tó gbóná jù, ibi tí wọ́n ń lò fún aṣọ tábìlì òtẹ́ẹ̀lì, ó sì gbé e lé e. Ooru rú. Ó lọ̀ ọ́ síwájú, ó lọ̀ ọ́ sẹ́yìn, ó dà á dé, ó tún un lọ̀, ó sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù náà jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń sinmi. Òórùn kan jáde bí ti irúgbìn tí wọ́n ń yan nínú páànù. Àǹtí Oníbọ́tìnì wo ọwọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ gbà, mà."

"Ó gbóná."

"Á ti tutù kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo lọ̀ ọ́. Mo rántí pé wọn kì í fẹ́ ohun tó rún. Ẹ sì ní kí wọ́n mú sùúrù pẹ̀lú rẹ̀. Ó di ọdún kejì."

Àǹtí gbé ìdì náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó wo bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gún tó. Ojú àwọn méjèèjì pàdé. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpò rẹ̀, ó sì tì í sáàárín òwú àti bọ́tìnì.

"Alárinà kì í tú ẹrù wò," ló wí, ó dìde, ó sì ré òpópónà kọjá.

Ọmọ Alágbàfọ̀ wọ́n omi sí ṣẹ́ẹ̀tì tó kàn.